Táyà Tí Kì Í Jáyà

Múkáílà fi sípánà gbá a níhà lẹ́ẹ̀mejì
lábẹ́ dòǹgóyárò rẹ̀ ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́,
ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún.
Ó ti gbó o, ṣùgbọ́n eegun ń bẹ nínú rọ́bà yìí."

Ohun tí Adéoyè wí lórí fóònù náà nìyẹn
láti ìlú yìnyín tó ń gbé, nígbà tó fi ọkọ̀ ránṣẹ́:
"Àǹtí mi, bí ìṣó gún un, ẹ má dúró.
Bí atẹ́gùn rẹ̀ tán pátá, ẹ máa lọ.
Ọgọ́rin kìlómítà ni yóò fi inú òfìfo rìn
kó tó sọ pé ó rẹ òun."

Ọgọ́rin! Mo ṣírò rẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́.
Láti ẹnu ọ̀nà mi dé Ìṣokùn l'Ọ́yọ̀ọ́ ò tó bẹ́ẹ̀.
Bí ìyá mi bá pè mí láago méjì òru
pé èémí òun ń há,
tí ìṣó sì gún mi lẹ́yìn afárá Odò Ọbà,
níbi tí fìtílà kan ò sí, tí nẹ́tíwọọ̀kì ń sá pamọ́,
n ó kàn máa lọ ni.
Táyà ò jáyà, èmi náà ò jáyà.

"Eélòó ni tuntun rẹ̀?"
Múkáílà wojú ọ̀run kó tó dáhùn.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba, ó lé, ẹyọ kan,
Ìbàdàn la ó sì ti lọ wá a.
"Bó bá jò, ṣé o lè lẹ̀ ẹ́?"
Ó rẹ́rìn-ín, ó fi àtàǹpàkò ti fìlà sẹ́yìn.
"Ẹni tó bá fi inú òfìfo rìn jìnnà báyẹn, Nọ́ọ̀sì,
ojú rẹ̀ á ṣì máa dán,
inú rẹ̀ á ti kúnná bí èlùbọ́.
Kí ni mo fẹ́ lẹ̀ níbẹ̀?"

Bàbá mi ni mo rántí,
bíríkìlà tí kì í sùn lọ́sàn-án.
Ọdún méjì ló fi ń gun àkàbà pẹ̀lú ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀ rẹ̀,
ó ń súfèé, ó ń bú àwọn ọmọṣẹ́,
èmi tí mo ń yẹ ẹlòmíràn wò gba owó oṣù,
n ò gbọ́ ìró jíjò rẹ̀ rí.
Ọjọ́ tó jókòó, kò dìde mọ́.

Táyà lásán, aláriwo ni.
Ìṣó kékeré, ó ti ké "póò!",
ó ti dùbúlẹ̀ sójú títì, kò tijú ẹnikẹ́ni.
Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ mi àtijọ́
dá mi kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ lẹ́bàá Ajáawà,
jáàkì ń rì, mo ń bú u, mo ń sunkún,
títí ọmọkùnrin kan tó fi ọ̀kadà kó èédú fi dúró.
Kò gba kọ́bọ̀. Ó ní kí n sáà ra èédú.
Àbọ̀ àpò rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilé ìdáná mi;
gáàsì ni mo fi ń dáná, n ò sì lè dà á nù.

"Bá mi fi lásán sí i, Múkáílà.
Mẹ́rin. Rárá, márùn-ún."
"Ibo lẹ fẹ́ gbé ìkarùn-ún sí? Búùtù yín ò láyè."
Òótọ́ ni. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ò rò pé
ẹnì kan á tún fẹ́ gbé àlékún dání.
A gbé e sí ìjókòó ẹ̀yìn, mo fi bẹ́líìtì dè é.

N ò tíì sọ fún Adéoyè.
Ẹ̀rù Odò Ọbà ṣì ń bà mí, n ò ní purọ́.
Ṣùgbọ́n bí mo ṣe páàkì ní Ìṣokùn lọ́jọ́ Àìkú,
ìyá mi na ọrùn wo inú ọkọ̀ láti orí pèpéle,
ojú rẹ̀ tó ti ń ṣú ń wá èèyàn:
"Ta lo gbé wá, tó jókòó bẹ́ẹ̀,
tí kò lè sọ̀kalẹ̀ kí mi?"